Irin Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹ Bá Mi Jó

Ilé Alájì Mùstàfá,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìṣẹ́yìn.
Oṣù Kẹjọ.

Bọ̀ọ̀dá mi Kọ́láwọlé,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìṣẹ́yìn níbí. Ṣé ara le? Ojú yín tí iná irin máa ń mú ta omi, ṣé ó ti fúyẹ́? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kó sì bá yín lọ́jọ́ tí iná wà, nítorí iṣẹ́ ni mo gbé wá. Ní tèmi, mo wà láàyè, ọmọ mi Treasure wà láàyè, ọkọ mi Gbọ́láhàn sì ń lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa àlàáfíà.

Ẹ má bínú pé mi ò pè yín lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìwéré-Ilé lọ́dọ̀ yín ò gbọ́ràn, àti pé nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, ẹkún ni mo sun títí káàdì fi tán, ẹ ò gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n, ó ní àwòrán, ó yẹ kí ẹ lè tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́ yín kí ẹ máa wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ ọ́. Bí ẹ bá rí i tí ìlà kan ń gòkè tí òmíràn ń sọ̀ kalẹ̀, apá ló rẹ̀ mí níbẹ̀, mo dúró, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pé báńdéèjì wà lápá ọ̀tún mi nígbà tí ẹ wá wò mí lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ṣakí. Gbogbo wa rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá tú u ni wàhálà máa parí. Wọ́n tú u, apá ò dìde. Ó ti rù, ó ti rọ̀ láti èjìká wá sí ìgúnpá, àfi bíi pé apá ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ mi lára. Mi ò lè ya irun mi. Mi ò lè na ọwọ́ dé okùn tí a ń sá aṣọ sí. Nídìí òfì tí mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde girama, ìjókòó lásán ni mò ń jókòó, nítorí ọwọ́ òsì nìkan ò lè hun aṣọ, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ṣùgbọ́n ti òfì kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kìṣí nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wá dúró tì wá kí wọ́n lè ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n gbìyànjú gidi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àyìnkẹ́ ni wọ́n máa ń pe Treasure, wọ́n ní orúkọ òyìnbó yẹn ò bá àwọn lẹ́nu mu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí n fúnra mi gbé ọmọ kúrò lórí ẹní. Mo ti gbé e dé àyà nígbà tí èjìká mi jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ yọ̀ bọ́rọ́. Màmá ló fò dìde nídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà, wọ́n di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú kó tó kanlẹ̀. Treasure rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di àyà mú.

Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà ò kúrò létí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n Gbọ́láhàn máa ń lọ síṣẹ́. Ta ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá já sórí sítóòfù?" Wọ́n ní tí Treasure bá ti pé ọdún kan, àwọn ń bọ̀ wá mú un lọ sí Kìṣí títí apá mi á fi padà, àfi bí àwọn bá fojú ara àwọn rí i tí mo gbé e láti orí ẹní, tí mo sọ ọ́ sẹ́yìn, tí mo sì gbá ọ̀já mọ́ ọn, láìsí ọwọ́ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo wo Gbọ́láhàn. Ilẹ̀ ni Gbọ́láhàn ń wò. Nígbà tí Màmá ti padà sí Kìṣí, ó ní, "Ìyá Treasure, Kìṣí kì í ṣe ìlú òkèèrè kẹ̀." Mo bi í bóyá bọ́ọ̀sì ni màá máa fi ọmú rán sí ọmọ.

Ẹ má rò pé mò ń ṣe àṣejù. Sàfúrátù tí a jọ ń hun aṣọ lábẹ́ àtíbàbà kan náà, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ni wọ́n ti tọ́ àkọ́bí rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ọmọ padà wálé. Títí dòní, Àǹtí ni ọmọ náà ń pè é. Sàfúrátù á sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, á tún yára mú òwú rẹ̀.

Ní ọsíbítù tí mò ń lọ ní Ṣakí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àǹtí Florence, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n fi eré ìdárayá dá agbára padà sí ẹsẹ̀ àti apá tó ti rọ. Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ wọn. Irin gíga ni, wáyà gba orí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké kọjá nínú rẹ̀, ó sì so mọ́ àwọn irin wúwo tí wọ́n tò léra bí ìwé. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń tì bọ ihò láti yan iye tí èèyàn fẹ́ fà. Kẹ̀kẹ́ òkè náà ṣeé sún: èèyàn lè fa wáyà láti ilẹ̀ wá sókè, tàbí láti ọ̀kánkán àyà, tàbí láti òkè orí wá sílẹ̀. Bí mo bá fà á, irin á gòkè. Bí mo bá ń dá a padà, Àǹtí Florence á pariwo pé, "Má jẹ́ kó já! Sọ̀ ọ́ bí ẹni ń gbé ẹyin sílẹ̀!" Gbogbo ìgbà tí mo bá kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn ni apá mi máa ń gbóná bí apá alààyè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ṣakí jìn fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ. Kí n tó tún débẹ̀, apá á ti padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló yẹ kí n máa ṣe é. Ìyẹn ni mo fi ní kí n ṣe tèmi sílé.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ óò rẹ́rìn-ín sí èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹ mọ bí òfì wa ṣe rí. Òwú gígùn máa ń na ara rẹ̀ jáde láti iwájú ahunṣọ lọ títí dé ọ̀ọ́kán, ibẹ̀ la ti ń so ó mọ́ pákó tí a to òkúta lé, kí pákó yẹn lè fa òwú le. Bí òwú bá dẹ̀, a ó fi òkúta kún un. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé mi tó ń fa nǹkan nìyẹn. Mo so okùn mọ́ pákó òkúta mi, mo jókòó sórí àpótí, mo ń fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi. Sàfúrátù pariwo pé, "Ẹ wá wò ó o, Ọpẹ́ ti di òfì!" Gbogbo àtíbàbà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Mo rí i pé tí mo bá fa okùn tán, ó máa ń dẹ̀. Mo ṣe ohun tí gbogbo ahunṣọ máa ń ṣe, mo fi òkúta kún un. Ó tún dẹ̀, mo tún fi kún un. Nígbà tó yá, pákó di mọ́ ilẹ̀. Mi ò jáwọ́, mo fi gbogbo ara fà á, ló bá já kúrò lójijì. Mo ṣubú sẹ́yìn, èjìká mi dún. Ó wú. Àní síbí ni mi ò lè mú fún ọjọ́ mélòó kan, Gbọ́láhàn ló ń bu oúnjẹ sí mi lẹ́nu, èmi àti Treasure lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa.

Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí Florence, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí wọ́n nà mí. Wọ́n ní, "Ọpẹ́olúwa, apá ẹ kì í ṣe òwú. Òwú lo fẹ́ kó le kó dúró sójú kan. Apá gbọ́dọ̀ fa ẹrù wá, kó sì tún rọra dá ẹrù yẹn padà. Òkúta orí ilẹ̀ ò lè fà ẹ́ padà. Wá nǹkan tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀." Ọ̀nà Ṣakí títí dé Ìṣẹ́yìn ni mo fi ń rò ó nínú ọkọ̀. Ìgbà tí mo sọ̀ tí mo rí obìnrin kan tó ń fa omi nínú kànga ni ó yé mi.

Mo wá kẹ̀kẹ́ irin kékeré tí okùn kànga ń gbà kọjá, mo gbé e kọ́ sára igi àjà nínú yàrá wa. Mo so okùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì tí mo rọ iyanrìn sí nínú, mo fi aṣọ wé igi kan tí mo fi ṣe ọwọ́ tí mò ń dì mú. Bọ̀ọ̀dá mi, ó ṣiṣẹ́! Kẹ́ẹ̀gì gòkè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kó fúyẹ́, mo bu iyanrìn kúrò. Bí mo bá fẹ́ kó wúwo, mo bù ú sí i. Ṣùgbọ́n àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, eruku ń dà sórí ibùsùn, ni onílé wa Alájì Mùstàfá bá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní, "Ìyá Treasure, ilé mi kì í ṣe kànga." Bí mo ṣe tú u nìyẹn. Abẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ilé ni mo gbé e lọ. Òjò oṣù yìí ò sì jẹ́ kí n rímú mí níbẹ̀. Okùn a tutù, a gùn sí i, kẹ́ẹ̀gì a kanlẹ̀ kí n tó fa ohunkóhun. Lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀, àwọn èèyàn á dúró máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Mo fẹ́ mọ iye tó kù kí n tó lè gbé ọmọ mi. Nígbà tí mo gbé Treasure lọ síbi àbẹ́rẹ́ àjẹsára, níbi tí wọ́n ti ń gbé àwọn ọmọ kọ́ sórí òṣùwọ̀n, mo ní kí Gbọ́láhàn gbé kẹ́ẹ̀gì tẹ̀lé wa. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kí wọ́n bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì náà kọ́ bí wọ́n ṣe gbé ọmọ kọ́. Wọ́n ní, "Kí ni orúkọ ọmọ yìí?" Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi ṣe é, mo sì fi bírò dúdú fa ìlà síbi tí iyanrìn gbọ́dọ̀ dé kó tó wúwo tó Treasure. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lépa ìlà yẹn. Mo ń sún mọ́ ọn, mo ń sún mọ́ ọn. Nígbà tí a tún padà lọ gba àbẹ́rẹ́, wọ́n gbé ọmọ kọ́, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ìyá Treasure, ẹ kú iṣẹ́, ọmọ yín ń dàgbà." Ó yẹ kí inú mi dùn. Àmọ́ ìlà tí mò ń lépa ti tún sún síwájú. Mo délé, mo fa ìlà mìíràn sí òkè ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ èyí fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo po ògì Treasure, mo bù ú sínú abọ́, mo sì rí i tí ọwọ́ mi dúró. Mo ń wo abọ́ náà. Mo ń rò ó pé tí mo bá bu díẹ̀ kúrò, díẹ̀ péré, títí Màmá Kìṣí á fi wá kí wọ́n sì padà lọ. Ọmọ la ẹnu sílẹ̀ dè mí, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Mo fún un ní gbogbo ògì náà, mo tún po òmíràn, mo sì jókòó ti ìkòkò mo sunkún. Kò sí ohun tó ṣe é, ó yó, ó sùn. Èmi ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbé mi lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe rèé. Ẹ wo àwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé yìí. Páìpù onígun mẹ́rin kan ló máa dúró gbọn-in, kó ga jù mí lọ díẹ̀, ẹ mọ bí mo ṣe ga tó. Ẹ jó ẹsẹ̀ fún un bí ẹ ṣe ń jó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ gààrí, nítorí mi ò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó ṣubú rí, ṣùgbọ́n ẹ fi ìdè ilẹ̀kùn sí ẹsẹ̀ náà kó lè ká sókè. Àárín ibùsùn àti àwọn ìwé Gbọ́láhàn ni ààyè tí a ní, kò fẹ̀ ju ẹní ọmọ lọ. Bí mo bá ti lò ó tán, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa sùn. Kò gbọdọ̀ kan ògiri, kò gbọdọ̀ kan àjà Alájì.

Ẹ lu ihò sára páìpù náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kí ẹ wá wá páìpù mìíràn tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, kó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, òun ni kó gbé kẹ̀kẹ́ kànga tí mo dì sínú ọ̀rá yìí. Tí mo bá sún un dé ibi tí mo fẹ́, kí n lè ti irin kékeré bọ ihò kó dúró. Ìsàlẹ̀ ni màá ti máa ṣe bí ẹni ń gbé ọmọ nílẹ̀, ọ̀kánkán àyà ni màá ti máa ṣe bí ẹni ń fa ọ̀já le, òkè ni Àǹtí Florence ní ó dára fún èjìká. Ẹ bá mi fi kẹ̀kẹ́ kejì sí orí páìpù lókè pátápátá, kí wáyà lè gba ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, kí kẹ́ẹ̀gì máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn irin, kó má lu Treasure lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irin yí ibi tí kẹ́ẹ̀gì ń gbà ká, ó ti mọ̀ ọ́n rá, ohun gbogbo ló ń na ọwọ́ sí. Kò tíì dìde dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò dákẹ́. Wáyà ni kí ẹ lò, kì í ṣe okùn. Mo ronú kan wáyà bíréèkì ọ̀kadà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ó tín-ín-rín, ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó máa gbà á. Ẹ kun irin náà kó má dógùn-ún. Àwọ̀ tó bá wù yín ni.

Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe gààrí wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ fi tèmi ṣíwájú. Ọjọ́ ìbí Treasure ti dé tán, Màmá Kìṣí ti ránṣẹ́ pé àwọn ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti ra àwọ̀n ẹ̀fọn fún un. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn gan-an ló ń pa mí, mi ò rí ẹni tí màá bá jà. Festus dírẹ́bà ló ń gbé lẹ́tà yìí àti kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà Ìwéré-Ilé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun á di irin náà mọ́ orí bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí ẹ bá ti jó o tán. Aṣọ àkọ́kọ́ tí apá mi bá hun, ìyàwó yín ló ni ín.

Ọlọ́run á dá ojú yín sí fún iṣẹ́ yín. Iná ò ní jó yín, irin ò ní gé yín. Ẹ ò ní ránṣẹ́ sí èèyàn kó kọ ẹ̀yìn sí yín. Àwọn ọmọ yín á dàgbà lójú yín, nínú ilé yín, ẹnu wọn á mọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín.

Èmi àbúrò yín tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn lọ sóko,
Ọpẹ́olúwa, Ìyá Treasure.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí pa, mo tún ṣí i. Òjò dá lónìí, mo tún yọ kẹ̀kẹ́ kànga jáde nínú ọ̀rá, mo lọ sábẹ́ dóńgóyárò. Mo gbé Treasure jókòó sórí ẹní, ìyẹn ni pé Sàfúrátù bá mi gbé e, ó sì lọ. Ìlà òkè ni mo dán wò, mi ò lè fà á. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu iyanrìn kúrò, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Mo ṣàdédé rí i tí okùn ń mì. Treasure ti rá débẹ̀, ó di igi ọwọ́ okùn mú, ó ń fà á, ó ń fà á, ó sì fi í dìde dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí apá mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó jọ̀wọ́ okùn, ó ṣubú lé mi lẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lọ́rùn mú. Mo fi ọwọ́ òsì fa aṣọ ìró mi bò ó, mo fi ọwọ́ ọ̀tún wá ọ̀já nídìí ẹní. Mo fà á. Ó le. Mo tún fà á, bí mo ṣe máa ń fa okùn lọ́kánkán àyà, mo sì ta á ní kókó. Mo di ara igi mú, mo dìde. Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, kò sí ọwọ́ ẹnì kankan níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò rí wa. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá Kìṣí á gbà á, nítorí láti orí ẹní ni wọ́n ní kí n ti gbé e, mi ò sì tíì lè gbé e láti orí ẹní. Nítorí náà, ẹ má dá irin náà dúró o. Ẹ jẹ́ kó lágbára ju bí mo ṣe yà á lọ. Treasure á tún wúwo sí i, mo sì fẹ́ kó máa wúwo sí i.